Àpótí nínú àpótí: bí composition ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú After Effects

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí After Effects, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń fún àwòrán, ọ̀rọ̀ àti fídíò ní ìrìn, sábà máa ń ṣe ohun kan náà: á fa fídíò tàbí àwòrán wọlé, á wá jókòó, á máa wá ibi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ dúdú, Timeline, ibi tí wọ́n ti ń to iṣẹ́ bí àkókò ṣe ń lọ, ṣófo, nǹkan kan ò mira. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. After Effects kì í jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́ lórí fáìlì lásán ni. Ó di dandan kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kan àpótí kan, kẹ́ ẹ tó gbé fáìlì náà sínú rẹ̀. Àpótí yẹn ni wọ́n ń pè ní composition. Àwa tá a ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ò tiẹ̀ ráyè pe gbogbo rẹ̀, comp la máa ń pè é.

Ẹ di ọ̀rọ̀ àpótí yìí mú dáadáa. Comp ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó ní aago tirẹ̀, ó sì lè wọnú comp mìíràn. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlà kan lọ yìí tó yé mi, torí pé bọ́tìnì ni mo ń há sórí, mi ò bi ara mi léèrè ohun tí bọ́tìnì náà ń ṣí. Láti ọdún 1993 tí After Effects ti jáde ni iṣẹ́ inú rẹ̀ ti ń dúró lórí comp, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀ kò ní ṣe àjèjì tó bá dé inú Cavalry, ètò mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, torí orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Bọ́tìnì Windows ni màá máa dárúkọ. Ẹni tó ń lo Mac, kó fi Command rọ́pò Ctrl, kó fi Option rọ́pò Alt.

Kíkan àpótí àkọ́kọ́

Ẹ tẹ Ctrl+N. Fèrèsé tó ń jẹ́ Composition Settings á ṣí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré tẹ OK kójú wọn lè kúrò lára nọ́ńbà. Ẹ fara balẹ̀, ibi díẹ̀ ló kàn yín nínú gbogbo rẹ̀.

Orúkọ ni àkọ́kọ́. Tẹ́ ò bá sọ ọ́ lórúkọ, Comp 1 ni yóò máa jẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e á di Comp 2. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé Comp 14, ẹ̀yin gan-an tẹ́ ẹ ṣe é ò ní mọ èwo lèwo mọ́. Fún iṣẹ́ tá a fẹ́ jọ ṣe yìí, ẹ kọ GBOGBO_FIDIO.

Width ni ìbú, Height ni gíga, píksẹ́lì, àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni wọ́n sì fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹ fi 1920 síbi ìbú, kẹ́ ẹ fi 1080 síbi gíga. Tó bá jẹ́ fídíò tí wọ́n máa wò lórí fóònù tó dúró lóòró ni, ẹ kàn yí méjèèjì padà. Kí Pixel Aspect Ratio wà ní Square Pixels, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Frame Rate ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Fídíò kì í rìn ní ti gidi. Àwòrán adúrósójúkan ni, tí wọ́n ń fi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan débi tí ojú ò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Frame Rate ló ń sọ iye àwòrán tó máa kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: 24, 25, 30. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé kò le: bí fídíò kan bá wà tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, nọ́ńbà rẹ̀ ni nọ́ńbà comp mi. Tẹ́ ẹ bá gbé fídíò 25 sínú comp 30, comp ń béèrè àwòrán 30, fídíò ò sì ní ju 25 lọ. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àwòrán márùn-ún á di èyí tí wọ́n fi hàn lẹ́ẹ̀mejì kí iye lè pé. Tí kámẹ́rà bá ń yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú fídíò náà, ẹ ó rí i pé kì í lọ geere, ńṣe lá máa ta gìjì-gìjì. Ẹ tún máa rí 29.97 nínú nọ́ńbà tí wọ́n tò síbẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1953 ni wọ́n dín 30 kù díẹ̀ kí àwọ̀ má bàa máa dí ohùn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì lẹ̀ mọ́ wa lára títí dòní.

Fún GBOGBO_FIDIO, ẹ fi 25.

Duration ni gígùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀fìn kan wà. Ó máa ń hàn báyìí: 0:00:10:00. Láti ọwọ́ òsì, wákàtí ni, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn náà ni iye àwòrán. Olùbẹ̀rẹ̀ á tẹ 10, á rò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lòun ní, After Effects á sì fún un ní 0:00:00:10, ìyẹn àwòrán mẹ́wàá péré, tí kò tó ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá. 1000 ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé nínú comp 25, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn kì í kọjá 24. Lẹ́yìn 0:00:03:24, 0:00:04:00 ló kàn. Ẹni tó bá ń kà á bí ẹni ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún á kan máa ṣì í kà títí ni.

Ẹ tẹ OK. Tẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe níbì kan, Ctrl+K á tún fèrèsé yẹn ṣí. Ohun kan wà tí Ctrl+K kì í ṣe, àmọ́: tẹ́ ẹ bá fi yí ìwọ̀n comp padà, àpótí nìkan ló máa tóbi tàbí kó kéré, ohun tó wà nínú rẹ̀ á wà bó ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jọ dín tàbí kó jọ pọ̀, ẹ lọ sí File, Scripts, kẹ́ ẹ lo Scale Composition.jsx.

Ọ̀nà àbùjá kan wà fẹ́ni tó ti ní fídíò nílẹ̀. Ẹ fa fídíò náà lọ sórí bọ́tìnì kékeré tí wọ́n fi ń ṣe comp tuntun nísàlẹ̀ Project panel, ibi tí fáìlì àti comp yín máa ń tò sí, kẹ́ ẹ jù ú síbẹ̀. Comp tó máa jáde á gba ìwọ̀n, Frame Rate àti gígùn fídíò náà.

Ohun tó wà nínú àpótí

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó sínú comp á di layer. Èmi á máa pè é ní ìpele. Èyí tó wà lókè nínú Timeline ló wà níwájú lójú ẹ̀rọ, nítorí náà tẹ́ ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ò sì rí i, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá fídíò ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ibi tí ìpele kan wà, nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Igun òkè lọ́wọ́ òsì ni 0, 0. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Àárín gbùngbùn GBOGBO_FIDIO wá jẹ́ 960, 540. Àpótí kọ̀ọ̀kan ló ń ka tirẹ̀ láti igun òkè tirẹ̀, èyí á sì wúlò fún wa láìpẹ́.

Lẹ́tà díẹ̀ tó máa dín wàhálà kù tẹ́ ẹ bá ti yan ìpele: P ń ṣí ibi tó wà, S bó ṣe tóbi tó, R yíyípo rẹ̀, T bó ṣe hàn sí. U ń ṣí gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti fún ní ìrìn.

Àpótí kejì: káàdì orúkọ

Ẹ mọ pátákó kékeré tó máa ń yọ nísàlẹ̀ fídíò láti sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Òun la fẹ́ ṣe, inú àpótí tirẹ̀ la sì máa ṣe é sí.

1. Ẹ tẹ Ctrl+N. Orúkọ: KAADI_ORUKO. Ìbú 800, gíga 200, Frame Rate 25, Duration 0:00:05:00.

2. Ẹ tẹ Ctrl+Y. Solid ni wọ́n ń pè é, àwọ̀ lásán tó kún ojú ìpele kan. Ẹ mú àwọ̀ tó bá wù yín, kẹ́ ẹ rí i pé ìwọ̀n rẹ̀ bá ti comp mu.

3. Ẹ tẹ Ctrl+T, ẹ fi máòsì tẹ inú àpótí náà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ kan. Kí ìpele ọ̀rọ̀ wà lókè Solid.

4. Ẹ gbé àkókò lọ sí 0:00:00:15. Ẹ yan Solid, ẹ tẹ P, kẹ́ ẹ tẹ aago kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Position. Àmì tó yọ yẹn ni keyframe, ó ti rántí pé ní àkókò yìí, 400, 100 ni ìpele wà. Ẹ padà sí 0:00:00:00, kẹ́ ẹ yí nọ́ńbà àkọ́kọ́ sí -400. Ẹ yan keyframe méjèèjì, kẹ́ ẹ tẹ F9 kí ìrìn rẹ̀ lè rọ̀.

5. Ẹ yan ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ tẹ T. Ní 0:00:00:15, ẹ tẹ aago, kẹ́ ẹ fi 0 sí i. Ní 0:00:01:05, ẹ fi 100.

Ẹ tẹ ọ̀pá àyè kẹ́ ẹ wò ó. Àwọ̀ á ti ọwọ́ òsì wọlé, orúkọ á sì yọ lórí rẹ̀. Kí ló dé tá a fi lo -400? Àárín Solid ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, ìdajì ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 400. Tí àárín bá wà ní -400, etí ọ̀tún rẹ̀ á bọ́ sórí 0 gẹ́lẹ́, ìyẹn etí àpótí. Gbogbo rẹ̀ ti wà níta, kò sì sí ẹni tó lè rí i, torí ohun tó bá yọ kúrò nínú àpótí kì í hàn.

Ẹ wá ṣí GBOGBO_FIDIO, kẹ́ ẹ fa KAADI_ORUKO láti Project panel wá sínú Timeline rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: Solid, ọ̀rọ̀, keyframe mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ti di ìpele kan ṣoṣo. Ẹ gbé àkókò lọ sí 0:00:02:00, ẹ yan ìpele náà, kẹ́ ẹ tẹ [. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á sún wá síbẹ̀. Ẹ tẹ P, kẹ́ ẹ fi 520, 900 sí i. Etí òsì káàdì á wà ní píksẹ́lì 120 sí etí fídíò, nísàlẹ̀ á ku 80. Inú káàdì ò mọ̀ pé ẹnì kankan gbé òun kúrò níbi kan. Lọ́hùn-ún, Solid ṣì wà ní 400, 100.

Bí aago náà ṣe rí nìyẹn. Nígbà tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì nínú GBOGBO_FIDIO, òdo ló jẹ́ nínú KAADI_ORUKO. Tẹ́ ẹ bá sún káàdì lọ sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, kò sí keyframe kankan nínú rẹ̀ tẹ́ ẹ máa tún ṣe.

Ibì kan wà tí aago méjì yìí ti máa ń dààmú èèyàn. Ẹ fẹ́ kí káàdì pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá méje, ẹ wá ń fa etí ìpele náà nínú GBOGBO_FIDIO, kò sì lọ. Kò lè lọ, torí àpótí inú ò ju márùn-ún lọ. Ẹ tẹ káàdì náà lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí, ẹ tẹ Ctrl+K, kẹ́ ẹ fi 700 síbi Duration. Kò tíì tán o. Ìpele inú rẹ̀ ṣì dúró sí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ fa etí tiwọn náà jáde. Ìgbà náà lẹ tó padà síta láti fa etí káàdì. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni, láti inú wá síta.

Orúkọ kan náà lórí èèyàn mẹ́ta

Iṣẹ́ kan wà tí mo ṣe tó ní èèyàn mẹ́ta tó ń sọ̀rọ̀. Mo ṣe fídíò ti àkọ́kọ́ tán, mo yan comp ńlá rẹ̀ nínú Project panel, mo tẹ Ctrl+D lẹ́ẹ̀mejì, ó di mẹ́ta. Mo ṣí èkejì, mo wọnú káàdì, mo yí orúkọ padà. Mo ṣí ẹ̀kẹta, mo ṣe bákan náà. Inú mi dùn pé iṣẹ́ yá. Mo gbé fáìlì ránṣẹ́ láìwò ó dópin, ni oníṣẹ́, ìyẹn ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi, bá pè mí lálẹ́ pé ṣé ìbẹ́ta ni wọ́n ni, tí gbogbo wọn fi ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ctrl+D da àpótí ńlá kọ, kò da èyí tó wà nínú rẹ̀ kọ. Àpótí ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo káàdì kan ṣoṣo. Ìpele tó jẹ́ comp kì í ṣe ẹ̀dà, ojú fèrèsé ni. Tí fèrèsé mẹ́ta bá kọjú sí yàrá kan, ohun tẹ́ ẹ bá gbé sínú yàrá náà ni gbogbo wọn á rí.

Agbára rẹ̀ náà nìyẹn, mi ò ní parọ́. Bí oníṣẹ́ bá ní kẹ́ ẹ yí àwọ̀ káàdì padà níbi ogún, ibì kan ṣoṣo lẹ máa tún ṣe. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ da KAADI_ORUKO fúnra rẹ̀ kọ nínú Project panel, ẹ yí orúkọ inú ẹ̀dà náà, kẹ́ ẹ wá lọ sínú comp ńlá, ẹ yan ìpele káàdì àtijọ́, ẹ di Alt mú, kẹ́ ẹ fa ẹ̀dà tuntun lé e lórí. Á gba ipò rẹ̀ pẹ̀lú Position àti àkókò tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní káàdì tó pọ̀ gan-an, kó kọ́ Essential Graphics panel: ẹ ó fa Source Text ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀, ìpele káàdì kọ̀ọ̀kan níta á sì ní ààyè tirẹ̀ tẹ́ ẹ ti lè kọ orúkọ tó yàtọ̀.

Precompose: kíkó ohun tó wà nílẹ̀ sínú àpótí

Kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn máa ń rántí kan àpótí kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì, ìpele mẹ́jọ ti wà nínú Timeline kẹ́ ẹ tó rí i pé mẹ́rin nínú wọn yẹ kó wà pọ̀. Ẹ yan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+Shift+C. Wọ́n á wọnú comp tuntun, ìpele kan ló sì máa kù níta.

Tó bá jẹ́ ìpele kan lẹ yàn, fèrèsé tó ṣí á bi yín ní ìbéèrè. Leave all attributes túmọ̀ sí pé ìpele nìkan ló wọlé, keyframe àti effect rẹ̀ (ohun tẹ́ ẹ fi yí ìrísí rẹ̀ padà) dúró síta. Move all attributes túmọ̀ sí pé ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ wọlé. Tẹ́ ẹ bá yan ju ọ̀kan lọ, Move nìkan ló ṣeé yàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín. Ẹ ṣe onígun mẹ́rin kan, ẹ fi keyframe mú kó máa yípo láti ibi R, kẹ́ ẹ fún un ní effect tó ń jẹ́ Drop Shadow. Ẹ tẹ ọ̀pá àyè. Òjìji náà ń bá a yípo! Ó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó bọ́ sí òsì, ó tún lọ sókè, bí ẹni pé iná tó ń tàn sí i ń sáré yí i ká. Ìdí ni pé After Effects máa ń ṣe effect ṣáájú kó tó yí nǹkan po, nítorí náà òjìji ti lẹ̀ mọ́ ọn kí yíyípo tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa Drop Shadow yẹn rẹ́, ẹ Precompose onígun mẹ́rin náà pẹ̀lú Move all attributes, kẹ́ ẹ wá fi Drop Shadow sórí ìpele tó kù níta. Nísinsìnyí, yíyípo ti parí nínú àpótí kí òjìji tó débẹ̀. Á dúró síbi tẹ́ ẹ fi í sí.

Mi ò gbà yín nímọ̀ràn kẹ́ ẹ máa Precompose gbogbo nǹkan ṣáá. Mo ti ṣí project tó jẹ́ pé èèyàn máa wọnú àpótí méje kó tó rí ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ yí padà. Tẹ́ ẹ bá sọnù sínú irú rẹ̀, ẹ tẹ Tab, àwòrán kékeré kan á yọ tó ń fi comp tó gba yín sínú àti èyí tó wà nínú rẹ̀ hàn.

Ohun méjì tí wọ́n sábà máa ń bi mí

"Mo fi funfun sí Background Color, kí ló dé tí kò hàn níta?" Àwọ̀ ẹ̀yìn yẹn wà fún ojú yín nìkan. Tí comp bá ti wọnú comp mìíràn, ibi tí kò sí ìpele á di òfìfo tí èèyàn lè rí òdì kejì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ funfun gidi, ẹ fi Solid funfun sísàlẹ̀ gbogbo ìpele.

"Mo fi S sọ comp inú di ńlá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣú bàìbàì." Àpótí inú ti di píksẹ́lì kó tó jáde, ẹ wá ń na píksẹ́lì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele náà nínú Timeline, àmì kékeré kan wà tó dà bí oòrùn, Collapse Transformations lorúkọ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tàn án, After Effects á ṣírò inú àti ìta pọ̀, ọ̀rọ̀ á sì mọ́ roro. Ẹ kàn fojú sílẹ̀, torí ohun tí etí àpótí ń bò tẹ́lẹ̀ lè wá yọ síta. Nínú káàdì wa, Solid tá a fi pamọ́ sí -400 á hàn kó tó wọlé.

Nígbà tó bá kan gbígbé e jáde

Comp ńlá lẹ máa gbé jáde. Mo sọ èyí torí pé Ctrl+M máa ń mú comp tó bá ṣí lọ́wọ́ lọ sí Render Queue, ibi tí wọ́n ti ń sọ comp di fáìlì fídíò, bó bá sì jẹ́ inú káàdì lẹ wà, fáìlì tó máa jáde á jẹ́ pátákó 800 sí 200 láìsí fídíò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó wà lókè Timeline kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Láti version 23 ni H.264, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kí fáìlì má tóbi jù, ti wà nínú Render Queue, òun ló dáa fún fídíò lásán. Tẹ́ ẹ bá dìídì fẹ́ gbé káàdì nìkan fún ẹlòmíì kó lè gbé e lé fídíò tirẹ̀, H.264 ò ní bá yín tọ́jú òfìfo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ lo QuickTime, kẹ́ ẹ yan RGB + Alpha síbi Channels, Alpha yẹn ló ń tọ́jú òfìfo náà.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, fáìlì .aep, ìyẹn fáìlì iṣẹ́ tí After Effects ń tọ́jú fún yín, nìkan ò tó. Ibi tí fídíò àti àwòrán yín wà ló kàn ń rántí, kò kó wọn mọ́ra. Ẹ lọ sí File, Dependencies, Collect Files, kó lè kó gbogbo wọn sínú fódà kan, kẹ́ ẹ tó gbéra.